Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́run ṣe dá àwọn erékùṣù ilẹ̀ olóoru wọ̀nyí, àbí ọwọ́ èèyàn ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ àná, ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó èèyàn lọ gbafẹ́ ń polówó Mauritius, erékùṣù kan nínú Òkun Íńdíà. Iyanrìn funfun, igi àgbọn, oko ìrèké tó lọ salalu títí dé ìsàlẹ̀ òkè. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní erékùṣù tí ọwọ́ èèyàn kò tíì bà jẹ́ ni. Ọ̀rẹ́ mi tó jókòó tì mí bú sẹ́rìn-ín, ó ní tí a bá yọ òkun àti òkè kúrò, ọkọ̀ ojú omi ló gbé gbogbo ohun tó kù nínú àwòrán yẹn débẹ̀. A jiyàn títí iná fi lọ.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni irú erékùṣù bẹ́ẹ̀ ṣe rí kí èèyàn tó débẹ̀? Ta ló sì yí i padà jù, àwọn tó kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ dó ni àbí àwọn òyìnbó amúnisìn? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tíṣà Bánkọ́lé

Ọmọ Ìdúmọ̀tà, ọ̀rẹ́ rẹ bù mọ́ ọn díẹ̀. Iyanrìn yẹn ti wà níbẹ̀ tipẹ́, èso àgbọn náà sì lè léfòó lórí òkun, kó gúnlẹ̀, kó hù láìsí ẹni tó gbìn ín. Ṣùgbọ́n ní ti ìrèké, òtítọ́ pọ́ńbélé ló sọ.

Mauritius bá ìbéèrè rẹ mu gan-an nítorí pé kò ní ọmọ onílẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Họ́lándì gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní 1598, kò sí ẹnikẹ́ni tó ń gbé e. Igbó ló bo ilẹ̀ láti ẹ̀bá òkun dé orí òkè, igi ẹ́bónì tí àárín rẹ̀ dúdú kirikiri sì pọ̀ nínú rẹ̀. Kí ọkọ̀ òkun tó bẹ̀rẹ̀ sí í yà síbẹ̀, kò sí eku, kò sí ajá, kò sí ẹlẹ́dẹ̀, kò sí ọ̀bọ. Àdán nìkan ni ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú lórí ilẹ̀ yẹn. Ìjàpá ńláńlá ló ń jẹ ewé ibẹ̀, ẹyẹ dodo (mi ò sọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ o) sì ń fẹsẹ̀ rìn káàkiri nítorí kò lè fò.

Ní 1638 ni wọ́n wá tẹ̀ ẹ́ dó. Ẹ́bónì ni wọ́n bá wá. Ní 1639, gómìnà wọn, Adriaan van der Stel, kó ìrèké àti àgbọ̀nrín wá láti Java, ní Indonesia òde òní. Wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1658, wọ́n padà ní 1664, wọ́n wá kó ẹrù wọn pátápátá ní 1710. Nígbà tí wọ́n máa fi lọ, dodo ti tán láyé.

Àwọn Faransé ló tẹ̀ lé wọn. Wọ́n kó ẹrú wá láti Madagascar àti Mozambique, wọ́n sì kọ́ Port Louis. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi etí sí ibi tó kàn yìí. Ní 1769, nígbà tí Pierre Poivre wà lórí àlééfà níbẹ̀, wọ́n ṣe òfin pé kí ẹni tó bá ní ilẹ̀ dá ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ sí gẹ́gẹ́ bí igbó, pàápàá ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kí wọ́n má sì gé igi tó wà lẹ́bàá omi. Wọ́n ti rí i nígbà yẹn pé bí igbó ṣe ń lọ ni odò ń gbẹ. Nítorí náà, tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn amúnisìn kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹ má gbà. Wọ́n mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin.

Gẹ̀ẹ́sì gba erékùṣù náà ní 1810. Ní 1825, wọ́n sọ owó orí ṣúgà Mauritius di ọgbọọgba pẹ̀lú ti àwọn erékùṣù Karibíà, ló bá di pé gbogbo ẹni tó ní ilẹ̀ ń gbin ìrèké. Nígbà tí oko ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n kó alágbàáṣe láti Íńdíà, ó lé ní 450,000 èèyàn láàárín 1834 sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ọwọ́ ṣa òkúta kúrò nínú oko, tí wọ́n to ó jọ gegere. Òkìtì òkúta náà ṣì wà láàárín ìrèké títí dòní, àwọn tó lọ gbafẹ́ sì máa ń rò pé òkè ni. Lónìí, igbó àbáláyé tó ṣì dára kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà.

Ọlọ́dẹ Ìgbájọ

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Àmọ́ nǹkan kan ń dà mí láàmú. Àwọn ará Họ́lándì yẹn, mélòó ni wọ́n tí wọ́n fi lè pa odindi ẹ̀yà ẹyẹ run? Èmi tí mo ń dọdẹ mọ̀ pé kò rọrùn láti pa ẹran tán nínú igbó tó tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Tíṣà Bánkọ́lé

Wọn ò ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, Ọlọ́dẹ. Ìbọn kọ́ ló ṣe èyí tó pọ̀ jù. Eku inú ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tú ẹlẹ́dẹ̀ sínú igbó kí ẹran lè wà fún ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ọ̀bọ náà sì wọlé. Dodo kì í yé ẹyin sórí igi, ilẹ̀ ló ń yé e sí.

Ọlọ́dẹ Ìgbájọ

Háà! Ó ti yé mi. Ẹran tí kò mọ ọdẹ rí kì í sá. Tí wọ́n bá sì ti ń jẹ ẹyin rẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, èwo ni yóò kù?

Baba Ìyábọ̀

Mo ti ń ka gbogbo èyí látàárọ̀. Ẹ má bínú, ṣùgbọ́n ó ti sú mi kí a máa di gbogbo ẹ̀bi lé òyìnbó lórí. Ṣé ẹ ò gbọ́ nípa Rapa Nui nínú Òkun Pàsífíìkì, tí wọ́n ń pè ní Erékùṣù Àjíǹde? Òyìnbó ò tíì débẹ̀ tí àwọn ọmọ ibẹ̀ fi gé gbogbo ọ̀pẹ wọn, tí wọ́n ń gbé ère òkúta kiri, tí wọ́n fi di ẹni tí kò ní igi tí yóò fi gbẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dájú ni ọmọ aráyé, àwọ̀ kò sí níbẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Bodija

Baba, ẹ jọ̀ọ́, ìdajì ìtàn yẹn lẹ sọ. Àwọn Polynesia, ìyẹn àwọn ará erékùṣù Pàsífíìkì, gúnlẹ̀ sí Rapa Nui ní nǹkan bí 1200. Òótọ́ ni pé igbó ọ̀pẹ ibẹ̀ tán kí òyìnbó tó dé ní 1722, òótọ́ sì ni pé wọ́n gé e, wọ́n sun ún fún oko. Ṣùgbọ́n eku bá wọn dé nínú ọkọ̀. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí èkùrọ́ ọ̀pẹ náà lóríṣiríṣi tí eyín eku ti dá lu, ọ̀pẹ tí wọ́n bá sì jẹ èkùrọ́ rẹ̀ kò lè hù padà. Àwọn èèyàn náà kò sì kú tán nítorí pé igi tán. Wọ́n ń fi òkúta bo ilẹ̀ oko kí atẹ́gùn má baà gbẹ ẹ́, wọ́n ń gbin ànàmọ́ sáàárín rẹ̀, wọ́n ń jẹun. Ìwádìí DNA tó jáde ní 2024 kò rí àmì kankan pé iye wọn já wálẹ̀ lójijì kí òyìnbó tó dé.

Ìgbà wo ni wọ́n wá ń tán? 1862. Àwọn tó ń kó ẹrú láti Peru wá, wọ́n kó nǹkan bí 1,500 èèyàn lọ. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n dá padà mú ìgbóná wálé. Ní 1877, 111 ni gbogbo àwọn tó ṣẹ́ kù ní erékùṣù náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di pápá àgùntàn. Ilé-iṣẹ́ kan gba gbogbo ilẹ̀, wọ́n mọ odi yí àwọn onílẹ̀ ká sí ìletò Hanga Roa, àgùntàn tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì àti jù bẹ́ẹ̀ ń jẹko lórí sàréè baba wọn, èyí sì ń lọ títí di 1953. Ilẹ̀ gbalasa tí ẹ ń rí nínú fọ́tò yẹn, àgùntàn lọ́wọ́ nínú rẹ̀ gan-an.

Baba Ìyábọ̀

Mo gbọ́ ti àgùntàn. Ta ló wá kọ́kọ́ gé igi? Mi ò tíì yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ mi.

Tíṣà Bánkọ́lé

Ohun tí Baba ń sọ ní ìtumọ̀, Àbẹ̀kẹ́, má jẹ́ ká fi ojú kékeré wò ó. Kò sí ibi tí èèyàn gúnlẹ̀ sí tí ilẹ̀ ibẹ̀ kò yí padà. Ní Hawaii, àwọn tó kọ́kọ́ dé sun igbó ìsàlẹ̀ láti gbin kókò, eku wọn sì pa ọ̀pọ̀ igi àti ẹyẹ. Àmọ́ lẹ́yìn náà wọ́n fara balẹ̀. Wọ́n pín ilẹ̀ láti orí òkè dé òkun, kí ìletò kọ̀ọ̀kan ní igbó, ní omi, ní oko, ní ibi ìpẹja, omi tó sì gba inú oko kókò kọjá yóò padà sínú odò. Ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan ni wọ́n fi ń jẹun bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìmúnisìn ṣe yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń pàṣẹ kò gbé ibẹ̀, ọjà tí wọ́n ń gbìn fún kò sí níbẹ̀, tí ilẹ̀ bá sì gbó, wọ́n á kó ẹrù wọn lọ síbòmíràn. Ẹni tó máa jẹ nínú ilẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ kò lè ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn.

Ẹ wo màlúù Hawaii. George Vancouver, ọ̀gá ọkọ̀ òkun Gẹ̀ẹ́sì kan, fi í ta ọba Kamehameha lọ́rẹ ní 1793, wọ́n sì kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa á kó lè pọ̀. Ó pọ̀ lóòótọ́. Ó di màlúù igbó, ó ń tẹ igi mọ́lẹ̀, ó ń jẹ èyí tó ń hù. Lẹ́yìn náà ni ìrèké. Ní 1878 wọ́n parí kòtò omi Hāmākua ní Maui, ọ̀kan lára àwọn erékùṣù Hawaii, tó ń wọ́ omi láti ẹ̀gbẹ́ òkè tí òjò ti ń rọ̀ lọ sí oko ìrèké níbi tó gbẹ. Àwọn tó ń gbin kókò lójú odò wá rí i pé omi kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Lahaina, ìlú kan ní Maui náà, tí àbàtà àti adágún wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, di ibi gbígbẹ. Nígbà tí ṣúgà kò mówó wá mọ́, wọ́n pa oko tì, koríko tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà fún màlúù sì gba gbogbo ilẹ̀. Inú ọ̀gbẹlẹ̀ koríko yẹn ni iná ti ràn ní oṣù kẹjọ 2023 tó jó ìlú Lahaina, tó sì pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Mo rántí iná yẹn! Wọ́n ní atẹ́gùn líle àti wáyà iná ni. Ẹnikẹ́ni ò sọ ti ìrèké fún wa.

Tíṣà Bánkọ́lé

Atẹ́gùn líle wà lóòótọ́. Mo kàn ń sọ ohun tí iná náà rí jó ni.

Fẹ́mi Matanzas

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo gbé ní Kúbà nígbà tí mo ń kọ́ ìṣègùn, ọ̀rọ̀ yìí sì kàn wá ju ti Mauritius lọ.

Nígbà tí Columbus gúnlẹ̀ ní 1492, igbó ló bo èyí tó pọ̀ jù ní Kúbà. Fún ìgbà pípẹ́, ìjọba Sípéènì kò gbà kí ẹnikẹ́ni gé igi tó dára bó ṣe wù ú, torí wọ́n ń fi kan ọkọ̀ ogun ní Havana. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kan Santísima Trinidad ní 1769, ọkọ̀ tó ní àgbá jù lọ láyé ìgbà náà. Àwọn oníṣúgà ń bínú. Àwọn ẹrú Hàítì ti dìde ní 1791, ṣúgà ibẹ̀ dáwọ́ dúró, owó ńlá ń dúró de ẹni tó bá lè pèsè rẹ̀. Ní 1815, ọba Sípéènì gbà fún wọn pé kí onílẹ̀ máa gé igi ilẹ̀ rẹ̀ bó ṣe fẹ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Igbó ni wọ́n ń ṣán láti gbin ìrèké, igi rẹ̀ náà ni wọ́n ń dá sábẹ́ ìkòkò tí wọ́n fi ń se omi ìrèké. Rélùwéè dé ní 1837, kí Sípéènì fúnra rẹ̀ tó ní, ó sì gbé ìrèké wọ inú lọ́hùn-ún. Ní 1959, igbó tó kù jẹ́ nǹkan bí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ta ló ṣán igbó náà? Ìdí tí mo fi ní ó kàn wá nìyẹn. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, àwọn èèyàn wa tí ogun kó wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ jù sí àgbègbè Matanzas. Lucumí ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tí ń bọ igi nílé ni wọ́n fún ní àáké. Wọn kò rí Ìrókò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n rí àràbà, ceiba ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì gbé Ìrókò kà á lórí. Títí dòní, ọ̀pọ̀ ará Kúbà, aláwọ̀ funfun pẹ̀lú, kò jẹ́ fi àdá kan ceiba láìtọrọ àyè. Tẹ́ ẹ bá ń wọkọ̀ lọ nínú pápá ìrèké, ẹ ó rí àràbà kan ṣoṣo tó dá dúró. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé ta ló bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ọlọ́dẹ Ìgbájọ

Èyí wọ̀ mí lára. Ẹ ṣeun, dókítà.

Alákẹ́ Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí n fi ti São Tomé kún un, torí oko kòkó ni mo jẹ dàgbà. São Tomé wà nínú òkun wa níbí, ẹ̀bá Gabon. Kò sí ẹni tó ń gbé e nígbà tí àwọn Potogí rí i ní nǹkan bí 1470. Wọ́n gbin ìrèké, wọ́n kó ẹrú láti etíkun Áfíríkà. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ẹrú dúdú gbin ìrèké ní oko ńlá, kí wọ́n tó gbé àpẹẹrẹ náà lọ sí Bràsíl. Amador ṣáájú àwọn ẹrú nínú ọ̀tẹ̀ ní 1595, wọ́n jó àwọn ilé ìfúnrèké. Àwọn olóko bá gbéra lọ sí Bràsíl díẹ̀díẹ̀. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Igbó padà! Fún nǹkan bí igba ọdún, igi gba ọ̀pọ̀ oko wọn. Tíṣà, ilẹ̀ náà máa ń ní sùúrù tí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kọfí àti kòkó. Wọ́n gbé kòkó wá sí Príncipe, erékùṣù kejì São Tomé, láti Bràsíl ní 1822. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn erékùṣù kékeré méjèèjì yẹn wà lára àwọn tó ń ta kòkó jù láyé. Alágbàáṣe láti Àngólà ló ń ṣe é, wọ́n ní wọn kì í ṣe ẹrú, ṣùgbọ́n wọn kì í lè padà sílé. Ní 1909, àwọn oníṣokoléètì ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Cadbury wà lára wọn, ní àwọn ò ra kòkó ibẹ̀ mọ́, wọ́n bá kọjú sí Gold Coast, Ghana òde òní.

Láti àwọn erékùṣù yìí náà, pàápàá Fernando Po (Bioko òde òní), ni èso kòkó ti gba òkun kọjá dé ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé òkèèrè ni, ẹ wo igbó Oǹdó àti Iléṣà. Ta ló gbin kòkó síbẹ̀?

Baba Ìyábọ̀

Àwa fúnra wa ni, Alákẹ́. Òyìnbó kan kò na ẹgba sí baba mi kó tó gbin kòkó. Owó ló rí. Ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Alákẹ́ Oǹdó

Òótọ́ ni, bàbá. Ṣùgbọ́n baba yín ń gbin iṣu sáàárín rẹ̀, ó ń dá ìrókò sí, ọmọ rẹ̀ ló sì jogún oko. Ìyẹn kì í ṣe São Tomé.

Àbẹ̀kẹ́ Bodija

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti Barbados, erékùṣù kan ní Karibíà. Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ ẹ́ dó ní 1627, ṣúgà gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1640, nígbà tó máa fi di àárín àwọn ọdún 1660 igbó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá. Wọ́n wá ń ra èédú láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi se ṣúgà ní ilẹ̀ olóoru! Àgbàrá ń wọ́ erùpẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi agbọ̀n ru erùpẹ̀ náà lé ẹrú lórí kó gbé e padà sókè oko. Láti ìsàlẹ̀ sókè, lórí. Ìyókù igbó àtijọ́ tó wà níbẹ̀ ni Turner's Hall Wood, kò ju nǹkan bí 20 hẹ́kítà lọ.

Ọmọ Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀yin èèyàn yìí, orí mi ń fọ́. Ṣé kò sí àtúnṣe ni?

Tíṣà Bánkọ́lé

Ó wà, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Ní etí Mauritius, erékùṣù kékeré kan wà tó ń jẹ́ Île aux Aigrettes, 26 hẹ́kítà péré. Wọ́n kó eku kúrò níbẹ̀, wọ́n fa igi àjèjì tu, wọ́n gbin ẹ́bónì padà. Ìjàpá ńlá ti Mauritius ti kú tán, nítorí náà wọ́n lọ gbé ti Aldabra, erékùṣù kan ní Seychelles, wá, kó máa jẹ èso ẹ́bónì, kó sì máa yàgbẹ́ kóró rẹ̀ káàkiri. Iṣẹ́ tí èyí tó kú ń ṣe ni wọ́n gbé fún un. Àwòdì kékeré ilẹ̀ náà, mẹ́rin péré ló kù tí wọ́n mọ̀ nínú igbó ní 1974, lónìí wọ́n ti di ọgọ́rọ̀ọ̀rún.

Ní ilẹ̀ ńlá gan-an, gúáfà kékeré tí wọ́n kó wá láti Bràsíl ló ń fún igbó tó kù lọ́rùn. Tí wọ́n bá fà á tu lónìí, ẹyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ á tún yàgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ lọ́la. Àwọn ará ìlú sì fẹ́ràn èso rẹ̀, wọ́n ń lọ já a nínú igbó lásìkò rẹ̀. Ẹ wo bó ṣe le tó.

Baba Ìyábọ̀

Kí ló dé tí a ń lọ jìnnà? Èkó náà erékùṣù ni. Ìjọba amúnisìn la kánàlù MacGregor láàárín Èkó àti Ìkòyí láti fa omi irà, wọ́n tún to òkúta wọ inú òkun lẹ́nu odò kí ọkọ̀ lè wọlé. Láti ìgbà yẹn ni òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach.

Alábòójútó

Baba, ọ̀rọ̀ Èkó tó odindi ìjíròrò lọ́tọ̀. Ẹ ṣí i, a ó wá bá yín níbẹ̀.

Ọlọ́dẹ Ìgbájọ

Kí a tó túká, dókítà Kúbà, oko ìrèké tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì ń gbìn ín?

Fẹ́mi Matanzas

Díẹ̀. Ní 2002, ìjọba ti bíi ìdajì àwọn ilé ìfúnrèké pa. Igbó tí wọ́n tún gbìn ti gbé ìdá náà sókè sí nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n kì í ṣe igbó ló gba oko tí wọ́n pa tì. Igi ẹlẹ́gùn-ún kan tó wá láti Áfíríkà ni, marabú. Ó ti bo ilẹ̀ tó lé ní mílíọ̀nù hẹ́kítà kan. Kátapílà pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọlọ́dẹ Ìgbájọ

Igi tiwa kẹ̀! Kí ni wọ́n wá ń fi ṣe?

Fẹ́mi Matanzas

Èédú. Ó máa ń jó pẹ́, kò sì léèéfín púpọ̀. Nígbà tí Kúbà tún bẹ̀rẹ̀ sí í tajà sí Amẹ́ríkà ní oṣù kìíní 2017, lẹ́yìn ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún, èédú marabú ni ẹrù àkọ́kọ́, 40 tọ́ọ̀nù.